Ẹyẹlé Tó Ń Yé Tí Kò Pamọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ìlá-Ọ̀ràngún

Lálẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ẹyẹlé ni a fẹ́ bá yín sọ, torí pé ẹni mẹ́ta nínú yín ló ti bi wá ní ìbéèrè kan náà: "Tísà, ẹyẹlé mi ń yé, kò pamọ. Kí ló dé?"

Ìbéèrè náà tóbi ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Ní Ìlá tí a wà yìí, àti ní Òkè-Ìlá, títí dé Ọ̀ra, agbo ilé tí kò sí ẹyẹlé lórí òrùlé rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó ń ṣílé ń wá ẹyẹlé. Ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó ń wá a. Ẹni tí wọ́n ní kó fi ṣe àdúrà ń wá a. Ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ fún ìyálọ́mọ ń wá a. Ọjà ẹyẹlé kì í kú. Síbẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó ra mẹ́fà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mẹ́fà náà ló ṣì wà lórí òrùlé rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ ti di mẹ́rin. Ó ń da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn lójoojúmọ́. Kí ni èrè rẹ̀? Ariwo àti ìgbẹ́ ẹyẹ ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni tọkọtaya ẹyẹlé tí ara wọn le, tí wọ́n sì ní ilé tó dára, lè tọ́ ọmọ mẹ́wàá dàgbà lọ́dún kan, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹyẹ mẹ́fà jẹ́ tọkọtaya mẹ́ta. Bí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan bá tọ́ ọmọ mẹ́wàá, 10 lọ́nà 3 jẹ́ 30. Ọgbọ̀n ọmọ ẹyẹlé láàárín ọdún kan! Níbo ni ọgbọ̀n yìí ń gbà lọ? Ohun tí a fẹ́ wá lálẹ́ òní nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹyẹ tí à ń sìn. Ẹyẹlé kì í ṣe adìyẹ. Ìdajì wàhálà náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sìn ín bí adìyẹ ló ti ń wá. Àkùkọ adìyẹ kan lè gun abo mẹ́wàá, kó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ ẹni tó sàba, kò mọ ẹni tó bọ́ ọmọ. Ti ẹyẹlé kò rí bẹ́ẹ̀. Akọ kan, abo kan ni. Wọ́n jọ ń kọ́ ìtẹ́, wọ́n jọ ń sàba, wọ́n jọ ń bọ́ ọmọ. Abo ló ń jókòó lé ẹyin láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí oòrùn bá ti mú díẹ̀, akọ á dé, á gbà á, á sì jókòó títí ọjọ́ á fi rọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tó wà níwájú, ẹ má wò wá bẹ́ẹ̀. Ẹyẹlé là ń sọ.

Nígbà tí ẹyin bá pa tán, àwọn méjèèjì ló tún ń bọ́ ọmọ. Oúnjẹ kan wà tó dà bí wàrà tó dì, inú àpò oúnjẹ tó wà ní ọ̀fun wọn ló ti ń jáde. Akọ ní tirẹ̀, abo ní tirẹ̀. Ọmọ kì í jẹ ohun mìíràn ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá mú òbí kan kúrò nígbà tí ọmọ ṣì kéré, kí ẹ lọ fi í se ọbẹ̀, ẹ ti fi ọmọ náà sínú ewu.

Bí ó ti jẹ́ pé méjì-méjì ni wọ́n ń gbé, akọ tí kò ní aya jẹ́ ìyọnu ńlá. Á máa wọ ìtẹ́ onítẹ̀ẹ́. Á máa bá ọkọ ibẹ̀ jà. Ẹyin á fọ́, ọmọ á ṣubú. Akọ kan ṣoṣo tó láti da gbogbo ilé ẹyẹlé rú. Ẹ wá aya fún un, tàbí kí ẹ tà á, tàbí kí ẹ sè é. Ẹ má ṣáà fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ó ti ṣòro ni pé akọ àti abo ẹyẹlé jọra púpọ̀. Akọ kò ní ogbe lórí bí àkùkọ. Àwọn èèyàn wa sì máa ń sọ pé ọmọ méjì tó bá jáde nínú ìtẹ́ kan, ọ̀kan akọ, ọ̀kan abo ni. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo o. Wọ́n lè jẹ́ akọ méjì, wọ́n sì lè jẹ́ abo méjì. Ìwà wọn ni kí ẹ máa wò. Akọ ni í máa wú ọrùn, tí í máa kùn, tí í máa yí po lójú kan bí ẹni ń jó, tí í sì máa wọ́ ìrù nílẹ̀ tẹ̀ lé abo.

A ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé kan fún yín. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá kan tó ń bá wa kẹ́kọ̀ọ́ ló ń sin ẹyẹlé. Owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí nínú wọn. Ẹyẹ méjì wà nínú ìkòkò kan lára ògiri rẹ̀, wọn kì í ya ara wọn. Wọ́n yé, wọ́n sàba, kò pa. Wọ́n tún yé, wọ́n tún sàba, kò pa. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wo orogún rẹ̀ lójú kan. Ó ní ojú tó ń wo ìkòkò òun kò dára. Ọ̀rọ̀ di ti àwọn àgbà ilé, wọ́n ti ń sọ pé kí àwọn méjèèjì lọ búra.

A bẹ̀ ẹ́ pé kó fara balẹ̀ díẹ̀. Ó ti mọ nọ́ńbà kọ nígbà náà. A ní kó fi ẹfun kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀: ọjọ́ tí ẹyin wọlé, àti iye tó wọlé. Nígbà tí wọ́n tún yé, ó da ohun tó wà lára ilẹ̀kùn kọ sínú ìwé, ó mú un wá fún wa. Ẹyin mẹ́rin, nínú ìtẹ́ kan, láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ gbọ́ o: abo ẹyẹlé kan kì í yé ju ẹyin méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá rí mẹ́rin nínú ìtẹ́ kan, abo méjì ló yé e. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Abo méjì ni àwọn ẹyẹ náà. Nígbà tí wọn kò rí akọ, wọ́n fẹ́ ara wọn. Wọ́n ń kọ́ ìtẹ́, wọ́n ń sàba bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò sí akọ tó gùn wọ́n, ẹyin wọn kò lè pa láéláé. Ìyá náà gbé ọ̀kan lọ pààrọ̀ fún akọ ní ilé ẹlòmíràn. Ó ti akọ náà àti abo tó kù mọ́ inú àgò kan fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè mọ ara wọn. Nígbà tó yá, wọ́n yé méjì, méjèèjì sì pa. Orogún tí wọ́n fẹ́ mú lọ búra ló ń bá a bu omi fún wọn báyìí. Ẹ wo ohun tí ìbá ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn!

Nítorí náà, ẹ mú ìwé yín jáde. Ẹni tí kò bá ní ìwé nítòsí, èédú àti ògiri wà.

Abo á yé ẹyin kìíní lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Á fo ọjọ́ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, á yé èkejì. Ọjọ́ tí ẹyin kejì wọlé ni kí ẹ kọ sílẹ̀, torí pé ìgbà náà ni wọ́n máa ń jókòó lé e dáadáa. Láti ìgbà náà, ọjọ́ 17 tàbí 18 ni ẹyin ń lò kó tó pa. Bí ẹyin kejì bá wọlé ní ọjọ́ 3 nínú oṣù, ẹ kọ 3, ẹ fi 18 kún un, ó di 21. Ní ọjọ́ 21, ẹ rọra yọjú wò ó. Bí ó bá di ọjọ́ 23 tí ẹyin ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ kó o dànù. Ẹni tí kò kọ ọjọ́ sílẹ̀ á máa sọ pé "ó ti pẹ́ díẹ̀," ẹyẹ á sì máa sàba lé òfo, ìgbà á máa lọ. Bí ẹ bá kó ẹyin òfo kúrò lábẹ́ wọn, kì í pẹ́ tí wọ́n á tún fi yé òmíràn.

Ṣùgbọ́n kò di dandan kí ẹ dúró di ọjọ́ 23. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje tí wọ́n ti ń sàba, ẹ lọ lálẹ́, ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ mú ẹyin kan, ẹ gbé e síwájú iná tọ́ọ̀ṣì tàbí iná fóònù yín. Ẹ fi ọwọ́ kejì bo ìmọ́lẹ̀ náà po, kó lè gba inú ẹyin kọjá. Bí ọmọ bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà káàkiri bí gbòǹgbò, pẹ̀lú ojú dúdú kan láàárín. Bí kò bá sí ọmọ, inú rẹ̀ á mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ tètè dá ẹyin padà, kí ẹ má sì mì í.

Ibí yìí ni kí ẹ ti ronú dáadáa, torí pé oríṣi àìpa méjì ló wà, ìdí wọn kò sì dọ́gba. Bí ẹyin bá mọ́lẹ̀ kedere, ti òbí ni: bóyá abo méjì ni wọ́n, bóyá akọ ti gbó, bóyá wọ́n kéré jù. Ẹyẹlé tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ má retí ohun púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí ìlà pupa tẹ́lẹ̀, tí ẹyin wá kú, ẹ má fi ẹ̀sùn kan akọ. Ilé ni kí ẹ wò. Nǹkan kan ló lé òbí kúrò lórí ẹyin: ejò, eku, òjò, ìjà, iná adìyẹ, tàbí àwọn ọmọdé tí ń gun àkàbà lọ wò ó ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́. Bí ẹyin bá tutù pẹ́, ọmọ inú rẹ̀ á kú.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká wo ilé náà. Ọ̀gbẹ́ni Charles Darwin, òyìnbó ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sin oríṣiríṣi ẹyẹlé, ó sì kọ nípa wọn nínú ìwé kan tó jáde ní ọdún 1859. Ó fi hàn pé gbogbo ẹyẹlé inú ilé, láti ara ẹyẹlé inú àpáta ni wọ́n ti wá. Inú ihò àpáta àti etí òkè ni baba ńlá wọn ń yé sí, kì í ṣe orí ẹ̀ka igi. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹlé fi fẹ́ràn ihò ògiri àti abẹ́ òrùlé. Àwọn ará Íjíbítì mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ń fi amọ̀ kọ́ ilé gíga fún ẹyẹlé, wọ́n á sì to ìkòkò sára ògiri rẹ̀ kí àwọn ẹyẹ lè máa yé sínú wọn. Ní Isfahan, ní ilẹ̀ Ìráànì, wọ́n kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ihò rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹlé tí wọ́n ń kó lọ sí oko. Àwọn bàbá wa náà kò gọ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ìkòkò sára ògiri. Ìkòkò amọ̀ kì í gbóná bí garawa. Àwọn tó ń kan agolo mọ́ abẹ́ páànù lóde òní, tí oòrùn ń pa á lọ́sàn-án, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ yín kan inú rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán kí ẹ rí i.

Ìtẹ́ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan síhìn-ín, ẹsẹ̀ bàtà kan sọ́hùn-ún, ti tó. Pákó ni o, ìkòkò ni o, apẹ̀rẹ̀ ni o, kó ṣáà dúró gbọn-in, kí omi òjò má sì dé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ìtẹ́ méjì ni tọkọtaya kan nílò. Kí ọmọ tó fò kúrò nílé, nígbà tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, abo á ti fẹ́ yé òmíràn. Bí ìtẹ́ bá jẹ́ ẹyọ kan, orí àwọn ọmọ ni á yé e sí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ. Púpọ̀ nínú ọgbọ̀n tí à ń wá, ibẹ̀ yẹn ló ń gbà lọ. Ẹ fi ìtẹ́ kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, akọ á máa bọ́ ọmọ níhìn-ín, abo á máa sàba lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn tí ọmọ kan bá ti jáde, ẹ kó koríko àtijọ́ dànù, ẹ fi omi gbígbóná fọ ìtẹ́, ẹ sá a sóòrùn. Iná adìyẹ ń sá pamọ́ sínú ihò pákó lọ́sàn-án, á jáde lálẹ́ láti mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ kékeré kò lè fara dà á. Bí ẹ bá fẹ́ gbálẹ̀ ilé ẹyẹlé, ẹ wọ́n omi síbẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú yín, nítorí eruku ìgbẹ́ ẹyẹ kò dára fún àyà èèyàn.

Ti ìjàlọ ńkọ́? Ẹ̀yin tó ń gbé lẹ́bàá oko mọ̀ ọ́n. Alẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n á jẹ ọmọ ẹyẹlé tán, egungun ni ẹ ó bá. Bí ilé ẹyẹlé yín bá ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹ ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí ẹ da ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú sí. Ẹ rí i pé ẹ̀ka igi tàbí okùn kankan kò kàn án, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n á gbà gorí rẹ̀. Kí ihò ilé má fẹ̀ ju bí ẹyẹlé ṣe lè wọlé lọ, nítorí ológbò.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn. Àgbàdo nìkan kò tó. Ẹ fi ọkà bàbà kún un, kí ẹ sì fi ẹ̀wà tàbí òtílí kún un nígbà tí wọ́n bá ń tọ́ ọmọ, kí ọmọ lè ní ẹran lára. Àwọn òyìnbó tilẹ̀ ń pe òtílí ní ẹ̀wà ẹyẹlé, nítorí pé ní erékùṣù Barbados wọ́n ń fi í bọ́ ẹyẹlé. Ẹ má fún wọn ní ọkà tó ti bu. Ohun tó lè pa yín lè pa ẹyẹ. Ẹyẹlé kò ní eyín, nítorí náà ẹ gbé òkúta wẹ́wẹ́ àti èèpo ẹyin tàbí ìkarahun ìgbín tí ẹ gún kalẹ̀ fún wọn. Èèpo ẹyin tó rọ̀, tó ń tètè fọ́, àìsí èyí ló sábà máa ń fà á.

Omi ló ṣe pàtàkì jù. Ẹyẹlé kì í gbé orí sókè bí adìyẹ nígbà tó bá ń mu omi. Á ti ẹnu bọ̀ ọ́, á sì fà á. Nítorí náà, kí omi jìn díẹ̀. Bí omi bá tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òbí kò ní lè bọ́ ọmọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ gbé àwo omi mìíràn sílẹ̀ kí wọ́n fi wẹ̀, kí ẹ sì dà á nù lẹ́yìn náà.

Omi ìdọ̀tí ló ń gbé àìsàn kan káàkiri tó ń pa ọmọ ẹyẹlé púpọ̀. Bí ẹ bá ya ẹnu ọmọ tí kò dàgbà mọ́, tí ẹ rí ohun pupa rúsúrúsú tó dì bí wàrà nínú ọ̀fun rẹ̀, òun nìyẹn. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló fà á. Ó lè wà ní ọ̀fun òbí láìṣe òbí ní nǹkan kan, òbí á sì fi bọ́ ọmọ. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà ẹran. Àìsàn kejì ni èyí tó ń yí ọrùn ẹyẹ sẹ́yìn, tí ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí omi ewé. Ìyẹn kò ní oògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀ kó tó dé. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jọs, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe irú àjẹsára bẹ́ẹ̀ fún adìyẹ. Kí ẹ bi dókítà ẹran léèrè èyí tó bá ẹyẹlé mu. Ẹ má ṣe da kápúsù èèyàn sínú omi ẹyẹ.

Ohun kan kù. Bí ẹ bá ń fi ọmọ inú ìtẹ́ kan náà fẹ́ ara wọn láti ọdún dé ọdún, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà, ọmọ á sì máa kéré sí i. Ẹ máa ṣe pààrọ̀. Kí ará Ìlá mú akọ lọ sí Òkè-Ìlá, kí ará Òkè-Ìlá mú tirẹ̀ wá. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú ìtẹ́ ni kí ẹ mú, nítorí ẹyẹlé tó ti dàgbà mọ ilé rẹ̀; ọjọ́ tí ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un ni á fò padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, owó yín á sì bá a lọ.

Ọmọ tí ẹ fẹ́ tà fún ọbẹ̀, ẹ tà á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó tó mọ̀ ọ́n fò. Èyí tí ẹ fẹ́ fi ṣe irú, ẹ mú un láti ọ̀dọ̀ òbí tí ìwé yín bá fi hàn pé ọmọ wọn kì í kú, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀ nìkan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní ẹyẹlé mú ìwé rẹ̀ dání. Ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i: orúkọ ìtẹ́, ọjọ́ tí ẹyin kejì wọlé, ọjọ́ tí ó pa, iye ọmọ tó yè. A ó kà á pọ̀, ìtẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn, a ó sì wo èyí tó yẹ ká ṣí nípò padà.